Ẹni Tó Dáhùn Sálámà Lọ́nà Malete

Sátidé, 4 Oṣù Ọ̀kitóbà, 2025

Ìpàdé tán. Orí ń fọ́ mi. Àlájà Husseinat alága wa — Ìlọsíwájú ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ — sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ó ti parí. Ilé iṣẹ́ tuntun wa ní Malete yóò ṣí. A ó gbé igbá irú lọ ní Àlàmísì.

Ó yẹ kí n kọ bí a ṣe dé ibi tí a dé sílẹ̀, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ rò pé inú ṣọ́ọ̀bù Basin, ní Ìlọrin níbí, la ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ gbuu. Ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ni, ní agboolé Ìyá Talatu ní Gàmbàrí. Ìyá nìkan ló ń se irú níbẹ̀ nígbà náà, àwọn àti èéfín wọn àti ẹnu wọn tí kì í dákẹ́, Hausa lónìí, Yorùbá lọ́la. Màámá wa, tí wọ́n ń pe Ìyá ní ẹ̀gbọ́n mi, lọ bá wọn. Husseinat lọ bá wọn. Èmi náà tẹ̀ lé Màámá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mi ò ríṣẹ́, inú gbogbo ayé ń bí mi. Ìyá ní tí kálukú bá ń dá irú tirẹ̀ sè, àwọn alágbàtà á máa rẹ́ wa jẹ ni, ẹ jẹ́ ká para pọ̀. Bí Ẹgbẹ́ Aṣaralóore ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irú nìkan. Nígbà tó yá, òrí. Oyin. Wàrà àwọn obìnrin Fúlàní. Èlùbọ́ tí a kò da ìdàkudà kankan mọ́. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru bẹ̀rẹ̀ sí í wá wa kiri, pé dókítà ní kí wọ́n jáwọ́ nínú èròjà onípáálí. Ìgbà yẹn la gba ṣọ́ọ̀bù ní Basin, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì di oníbàárà wa. Ẹgbẹ́ ti wá pọ̀ débi pé mi ò mọ orúkọ gbogbo wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni akọ̀wé o.

Ìyá kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, irú wa ò dùn bíi tàtijọ́ mọ́. Igbá kan náà, ewé kan náà, omi kan náà. Kò kàn dùn bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn oníbàárà ń sọ ọ́ sí wa lójú. Tí ti Malete náà bá tún bàjẹ́, ẹgbẹ́ á tú ká. Ìlọsíwájú fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lónìí.

Rodiyah àbúrò mi ni yóò máa gbé ilé Malete. Òun ló béèrè fún un. Ọ̀dọ̀ àǹtí wa ní Abẹ́òkúta ló dàgbà sí, Ìyá ti kú kó tó padà wálé, kò fojú kàn wọ́n rí. Ó fẹ́ rí nǹkan ṣe títí dìgbà tí wọ́n máa so yìgì òun àti Toyyib, ní Disẹ́ńbà. Màámá, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n mójú tó o. Mo ní ṣé ọmọ ọwọ́ ni Rodiyah ni?

Àtìní, 6

Òjò. Igi ìdáná tutù. Mo bú gbogbo èèyàn.

Àlàmísì, 9

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyá ní àṣà kan. Tí a bá ń lọ ṣí ilé tuntun, a ó bu irú gbígbóná díẹ̀ nínú igbá wọn sínú igbá mìíràn, a ó fi aṣọ bò ó, ẹnì kan á gbé e lé itan títí dé ibẹ̀. Òun la ó fi mú irú tuntun dìde. Ẹni tó gbé e kò gbọdọ̀ dáhùn sálámà ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ẹnì kejì ni yóò jókòó tì í, tí yóò máa bá a dáhùn, kí ẹ̀ṣẹ̀ má baà sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ń lọ sí Basin, Màámá ló gbé igbá, Ìyá ló ń dáhùn. Mo bi Ìyá léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé igbá tó sì dáhùn, ó ti ní kí ẹni tó kí òun máa bá òun bọ̀ nílé nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Áfáà ti sọ fún wa pé èyí ò sí nínú ẹ̀sìn. Kò sẹ́ni tó jáwọ́.

Lónìí, Rodiyah gbé igbá, èmi ni olùdáhùn, Toyyib wa ọkọ̀. Láàárín ìlú, gbogbo ènìyàn ló ń kí wa, mo ń dáhùn bíi kéwú. Rodiyah di ẹnu, ó ń fi ojú rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a jáde nílùú, táyà kan sọ afẹ́fẹ́ nù. Toyyib sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan ń ta ẹ̀pà sísè lẹ́bàá ọ̀nà, èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Iyanrìn wà nínú ẹ̀pà náà. Mo bá a jà lórí iyanrìn.

Mo wá gbọ́ ohùn Rodiyah nínú ọkọ̀, ó já gaara: wa alaikumu salaam wa rahmatullah.

Mo yíjú padà. Kò sẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Pápá lápá ọ̀tún, pápá lápá òsì, koríko ò mì. Toyyib nàró pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ó bi mí pé ibo ni ìyá àgbà yẹn gbà. Ó ní òun náà gbọ́ sálámà ọ̀hún, ohùn obìnrin àgbàlagbà, ikọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹlẹ́pà ní òun ò rí ìyá kankan.

Rodiyah ń rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú mi. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi ló yá jù mí lọ, ta ló máa gbọ́ sálámà kó dákẹ́? Kò parọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Èmi ni wọ́n ní kí n wà níbẹ̀, èmi ni mo lọ ń bá ẹlẹ́pà jà. Orí mi ì bá fọ́ kí n tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn!

Kí a tó dé Malete, ó ní igbá náà ti wúwo sí i.

Jímọ̀, 10

Mo sọ fún Ìlọsíwájú. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọmọ tó níwà ló dáhùn sálámà, ìwọ wá ń gbọ̀n.

Àtàláátà, 14

Wọ́n ṣí igbá àkọ́kọ́ ní Malete lónìí. A pọ̀ níbẹ̀. Rodiyah ká aṣọ kúrò, ó ká ewé kúrò. Òórùn náà jáde.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Irú Ìyá ni. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Òun gan-an ni. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́kún. Ìlọsíwájú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú léèsì rẹ̀, ó ń tọ́ irú wò, omijé ń bọ́ sí i. Gbogbo wọn ń sọ pé àlùbáríkà ti padà. Àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ àtikúrò nínú ẹgbẹ́ ló ń jó jù.

Èmi ò jẹ ẹ́. Ọwọ́ Rodiyah ni mo ń wò. Ó pa ewé náà pọ̀ lẹ́yìn tó tú u, ó pa á sínú, ó tún pa á sínú, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pa ewé báyẹn. Ìyá nìkan ló máa ń pa á bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, kọ́ mi ní kí ni?

Àlàrùbá, 15

Mo jẹ ẹ́. Mo lá àwo. Kí Ọlọ́hun má bínú sí mi.

Sọ́ńdè, 19

Mo lọ sí Malete. Ilé náà kún. Àwọn oníbàárà ń wá láti Ìlọrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń tò. Ìlọsíwájú ti ń wá ilẹ̀ ibòmíràn. Ó ní ọdún tó ń bọ̀, Ọ̀fà, ọdún tó tẹ̀ lé e, Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì jókòó kó tó sọ gbogbo ìyẹn.

Obìnrin Fúlàní tó ń gbé wàrà wá fún wa dé. Rodiyah ń bá a jà pé wàrà rẹ̀ ti kan. Hausa ló fi ń jà. Hausa tó ń ṣàn, èébú nínú rẹ̀, ẹ̀rín nínú rẹ̀, obìnrin yẹn sì ń dá a lóhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Àbúrò mi tó dàgbà sí Abẹ́òkúta! "Sannu" nìkan ló mọ̀ nínú gbogbo Hausa. Mo ní ó lè jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́ ọ. Láàárín ìgbà wo? Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí asínwín nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo dé ìlú.

Ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní eruku ni.

Ohun kan tún wà. Àwọn obìnrin tó jù ú lọ dáadáa, tí wọ́n ti bímọ tó tó o, "ẹ" ni wọ́n ń kí i. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ẹ̀ jẹun ni? Ó ń dáhùn bí ẹni tó tọ́ sí.

Àlàmísì, 23

Toyyib wá sílé mi. Kò fẹ́ jókòó. Ó ní òun lọ kí Rodiyah, òun ra ọsàn dání. Ó ní Rodiyah fọwọ́ gbá òun lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fọ́mọdé, ó ní, ọmọ Bàbá Alápò, o mà ti dàgbà o, o jọ bàbá rẹ àgbà tán. Alápò ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀ àgbà lọ́jà, kí wọ́n tó bí Toyyib gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀, bàbá rẹ̀ ló lọ bi.

Toyyib bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìgì wọn. Ó ní ó wo òun bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Rodiyah ní kí Toyyib wá ọmọbìnrin tó dáa fẹ́, òun á bá a ṣàdúrà sí i.

Ọmọkùnrin yẹn sunkún nínú pálọ̀ mi. Ó ń bẹ̀ mí. Ó ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú un wálé. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún un. Mo ní wálláhì, màá mú àbúrò mi kúrò nínú ilé yẹn, bí ẹgbẹ́ tilẹ̀ máa tú ká nítorí irú.

Sátidé, 25

Ìjà. Ìjà gidi.

Mo dìde ní ìpàdé, mo ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí Malete, Rodiyah ń padà sílé. Gbogbo wọn kígbe lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Pé nígbà tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn? Pé ṣé ìlara ni? Ẹnì kan tí mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ ní kí n jókòó. Mo sọ fún un pé ìgbà tí mo ń fẹnu fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò ẹgbẹ́ yìí, ìyá rẹ̀ ṣì ń nu imú rẹ̀.

Mo wá sọ ọ́ jáde. Mo sọ ti ewé, ti Hausa, ti Bàbá Alápò. Mo retí pé wọ́n máa bẹ̀rù, tàbí kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò ṣe ìkankan. Wọ́n ń wolẹ̀.

Ìlọsíwájú ló tẹ̀ lé mi jáde. Ó di apá mi mú lábẹ́ igi dóńgóyárò. Kò pariwo rárá. Ó ní, Nafisah, ta lo rò pé kò mọ̀? Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí igbá àkọ́kọ́ ni òun ti mọ̀, gbogbo àwọn àgbà ló mọ̀. Ó ní ṣé inú rẹ ò dùn láti gbọ́ ohùn wọn ni? Ó ní láti ọjọ́ tí Ìyá ti lọ, òun ò rí ẹni tó lè bá òun wí mọ́. Ó ní lánàá wọ́n bá òun wí. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ra bàtà Ìléyá fún.

Mo ní, Rodiyah wá ńkọ́? Rodiyah náà ńkọ́, Àlájà?

Ó ní, kò sóhun tó ń dùn ún. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Sọ́ńdè, 26

Mi ò jáde. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Fóònù ń dún.

Àtìní, 27

Mo lọ láti mú un. Mo padà láìmú un. Jẹ́ kí n kọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Mo bá a nídìí iná. Èéfín pọ̀, ó wọ̀ mí lójú, bó ṣe máa ń wọ̀ mí lójú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń nu ojú, mo ń ké pè é kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Ó dìde, ó bu omi, ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó ń fọ ojú mi. Ó ní, Ìyàwó Èéfín, o ò tíì jẹun láti àárọ̀.

Ìyàwó Èéfín. Èmi àti Ìyá nìkan la mọ orúkọ yẹn. Ìdí iná la ti máa ń lò ó, tí àwọn yòókù bá ti lọ fọ irú lódò. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé yìí rí. Rodiyah kì í sì í pè mí ní "o" láyé. "Ẹ̀gbọ́n mi" ni, "ẹ" ni, kódà tí a bá ń jà.

Ó yẹ kí n sá. Mo jókòó. Ó gbé oúnjẹ fún mi, mo jẹun. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn, mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo nǹkan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí Ìyá ti kú: ọ̀rọ̀ ọkọ tó lọ, ọ̀rọ̀ ilé tó dákẹ́. Ó ń gbọ́, ó ń ti igi sínú iná pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ara mi balẹ̀. Mi ò rántí Rodiyah títí mo fi dé Basin.

Àlàrùbá, 29

Mo lọ bá Áfáà Muhammad Awwal, ẹni tó kọ́ wa ní kéwú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní òkú kì í padà wá gbé nínú ènìyàn, kí n má fi ìyẹn sọ́kàn. Wọ́n ní nǹkan mìíràn wà tó lè fara wé ohùn, ìbànújẹ́ náà sì lè kọ́ èèyàn ní ohun púpọ̀. Wọ́n ní ohun yòówù kó jẹ́, mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bí i. Kí ìyá rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kò sóhun tó máa tan abiyamọ jẹ lórí ọmọ rẹ̀.

Ọkàn mi fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn nìyẹn. Mo pe Toyyib, mo ní Jímọ̀ ni màá mú un wálé. Mi ò sọ nǹkan kan fún Màámá, kí wọ́n má baà dààmú.

Jímọ̀, 31

Mo ń sáré kọ ọ́, ìkọ̀wé yìí ò dáa.

Mo dé Malete lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ti múra ìjà. Kò sí ìjà. Mo ní ká lọ sílé Màámá, ó ní, ó dáa, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí i. "I" ló wí fún Màámá, kì í ṣe "wọn". Ó fọ ẹsẹ̀, ó wé gèlè, ó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì bí ọmọ gidi. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wò mí bí olè.

Mo ń wò ó lójú ọ̀nà. Ojú Rodiyah ni. Àpá tó gbà níwájú orí nígbà tó já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ó wà níbẹ̀. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ wẹ́wẹ́, Rodiyah, Rodi, Rodi mi. Ó ń wo ìta.

Màámá wà lórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀síbáà lọ́wọ́. Mo ní, Màámá, Rodiyah dé o. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú agbára. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ẹ pè é, ẹ ṣáà ti pè é. Tí Màámá bá ti pè é tó sì jẹ́ wọn lóhùn, màá pe Toyyib, màá ní kó máa bọ̀, mi ò ní jẹ́ kó fojú kan ìkòkò irú mọ́ láyé.

Màámá wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Mo rí i tí ètè wọn bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, mo rí i dáadáa. Kò jáde. Omi lé ròrò sí wọn lójú. Wọ́n gbé tẹ̀síbáà kalẹ̀. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n dìde, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ yẹn kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, lórí símẹ́ǹtì. Fún ọmọ tí wọ́n bí.

Wọ́n ní, ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mà pẹ́ lọ́nà o.

Mo pariwo. Mo ní Rodiyah! Kò sẹ́ni tó yíjú. Ẹni tí mo mú wálé gbé ọwọ́ lé Màámá lórí, wọ́n ń bi Màámá pé ẹsẹ̀ ńkọ́, ta ló ń bá ọ fi òrí pa á. Wọ́n pe Màámá ní Aishah. Kò sí ẹni tó dàgbà tó láti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé wa. Màámá ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n dà bí ọmọge.

Màámá di etí ìró mi mú láìgbójú sókè, wọ́n fà á. Wọ́n ní ṣé n ò rí àgbà ni.

Mo dúró. Mo wá àbúrò mi lójú yẹn, mo wá a, mo wá a. Ojú náà ń wò mí tìfẹ́tìfẹ́, ó ń dúró dè mí.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ káàbọ̀, Ìyá. Inú mi sì dùn. Toyyib ti pè mí títí lórí fóònù, mi ò tíì gbé e, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé inú mi dùn.